Ẹ̀pà Lílọ̀ àti Ikàn: Oúnjẹ Tí Kò Fẹ́ Iná

Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, ni àwọn àgbà máa ń wí. Bí òwe náà sì ti ń lọ, gúgúrú ni ó kéré jù nínú rẹ̀, ohun tí a fi ń dá ẹnu lára yá lásán. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré kò ka ohun tí a kò gbé ka iná sí oúnjẹ. Bí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní ọ̀sán, tí ìyá rẹ̀ ṣì wà ní oko tàbí ní ọjà, ọmọ náà yóò dúró de iyán alẹ́, tàbí kí a ti fún un ní owó láti fi ra bisikíìtì. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Bí a bá pín ẹ̀pà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 25 nínú rẹ̀ jẹ́ èròjà tí ń mú ẹran ara ọmọ dàgbà, òróró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Irú èròjà ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú iṣu tútù kò tó 3. Ọmọ tí ó jẹ iyán nìkan yó, ṣùgbọ́n yíyó kọ́ ni dídàgbà. Ikàn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìgbá, kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí omi lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi yìí gan-an ni ó mú un bá ẹ̀pà rẹ́, nítorí ẹ̀pà lílọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1895 ni oníṣègùn J. H. Kellogg ti ìlú Battle Creek tọrọ ìwé àṣẹ ìjọba fún ọ̀nà tí ó ń gbà lọ ẹ̀pà. Ní 1916 ni George Washington Carver, ẹni tí a bí sí oko ẹrú, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Tuskegee, ọ̀nà 105 tí a lè gbà fi ẹ̀pà ṣe oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀. Wọn a máa fi ẹ̀pà lílọ̀ kún inú igi ewébẹ̀ kan tí a ń pè ní celery, wọn a to èso àjàrà gbígbẹ lé e lórí, àwọn ọmọ wọn a sì máa pè é ní èèrà orí igi. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni ní gúúsù Èkìtì fi ní láti wá celery lọ sí Èkó. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ìgbá tútù àti ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi ata sí ni a ń gbé síwájú àlejò tí a bu ọlá fún.

Ìṣe rẹ̀ kò ní wàhálà. Kí a ra ẹ̀pà yíyan, kí a bó èèpo pupa ara rẹ̀, kí a fẹ́ ẹ, kí a ṣà á, kí a sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ gbígbẹ títí òróró rẹ̀ yóò fi jáde. Iyọ̀ díẹ̀ tó. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Kí a fi omi mímọ́ fọ ikàn tí ó le, kí a là á sí méjì tàbí mẹ́rin, kí a sì fi ẹ̀pà náà pa ojú rẹ̀. Bí ẹ̀pà bá ti wà ní lílọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é fún àwọn àbúrò rẹ̀, ohun tí a kò lè wí nípa iyán.

Ibi tí ọ̀ràn gbé wà ni ṣíṣà ẹ̀pà náà. Púpọ̀ nínú ẹ̀pà tí a ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti Òkè Ọya wá nínú àpò. Bí a bá gbé àpò náà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìgbà òjò, ẹ̀pà inú rẹ̀ a bu. Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin oṣù díẹ̀. Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀, a rí i pé ẹ̀pà bíbu láti Brazil wà nínú oúnjẹ wọn. Aflatoxin ni orúkọ tí a fún oró náà. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá bí àrùn hepatitis B bá wà lára rẹ̀. Yíyan kò lè pa oró náà tán.

Síbẹ̀, ẹ̀pà tí ó dúdú, tí ó hun jọ, tí ó sì korò ni àwọn kan ń yà sọ́tọ̀ fún lílọ̀, nítorí ojú kì í rí i mọ́ bí ó bá ti di lílọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́ owó ná. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní Gánà fi hàn pé irú ẹ̀pà àṣàtì bẹ́ẹ̀ ní oró púpọ̀púpọ̀ ju èyí tí ó mọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀pà lílọ̀ tí a rà nínú ike kò ṣeé fọkàn tán bí a kò bá mọ ọwọ́ tí ó ṣà á. Ó sàn kí a ra oníhóró, kí a sì lọ̀ ọ́ nílé. Àgbẹ̀ tí ó gbin tirẹ̀ ní àǹfààní jùlọ: kí ó má fi ọkọ́ gún èèpo rẹ̀ nígbà tí ó bá ń hú u, kí ó sá a lórí ẹní títí yóò fi máa dún bí a bá mì ín, kí ó sì gbé àpò rẹ̀ lé orí pákó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà oníhóró tàbí ikàn líle, nítorí ó lè há a ní ọ̀fun. Ẹ̀pà lílọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n ni tirẹ̀. Bí ara ọmọ bá wú, tàbí tí mímí rẹ̀ ṣòro lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ̀pà, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, kí a má sì fún un jẹ mọ́.

Ní ti ẹ̀pà tí a ṣà tì, kí a má dà á fún adìẹ tàbí ewúrẹ́, nítorí oró náà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran. Kòtò ni kí a sin ín sí, bí ó tilẹ̀ kún agolo kan.