Kò Yẹ Kí Mẹkáníìkì Máa Fi Etí Lásán Ṣe Táímìǹgì Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ẹ bá ti fi Peugeot 504 tàbí Volkswagen ìjàpá gba Ìgèdè-Èkìtì lọ sí Arámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí, ẹ ó mọ̀ pé òkè pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Àgbà ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní Èkó. A kò tò wọ́n mọ́ báyìí.

Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsinmi lórí òkè, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀. Bí a bá sì yí kọ́kọ́rọ́ láti pa á, yóò tún máa gbọ̀n rìrì kí ó tó kú. Mẹkáníìkì yóò dé, yóò dẹ bóòtù dísítíríbútọ̀, yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, yóò tẹ́tí sílẹ̀, yóò ní, ‘Ó ti dáa.’ Lójú tèmi, kò tíì dáa.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣáná ní kété kí písítìn tó dé òkè. Bí iná bá pẹ́ jù, agbára ọkọ̀ yóò dín, ooru yóò sì pọ̀. Bí ó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa kan, ihò sì lè lu písítìn. Ibi tí etí ti ń tan ni jẹ nìyí: nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, bí a ti ń mú iná yá sí i ni ohùn ẹ́ńjìnnì ń dùn sí i. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé etí yóò mú un yá jù. Orí òkè ni kíkàn náà yóò ti jáde, nígbà tí mẹkáníìkì ti gba owó rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé etí ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, bí ọkọ̀ bá dákú lóru, etí lè gbé wa délé. Ilẹ̀ yóò mọ́ ṣá.

Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo rẹ̀ ń dín, iná sì ń pẹ́. Àlàfo ti ìjàpá jẹ́ 0.4 mílímítà, òun ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a so gílóòbù 12 fóòtì mọ́ ibi tí wáyà kọ́ìlì ti ń lọ sí dísítíríbútọ̀, kí a so wáyà kejì mọ́ ara ọkọ̀, kí a ṣí kọ́kọ́rọ́, kí a sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Bí kọ́ńtáàtì bá ti là ni gílóòbù yóò tàn, àmì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i gbọ́dọ̀ ṣe déédéé lákòókò náà gan-an.

Lára púlì ni àmì ti ìjàpá wà. Bí ìpẹtà bá ti bò ó, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ó fi ọ̀dà funfun là á, kí ó tó mú sípánà.