Ohun Tó Wà Nínú Òkúta Ló Yẹ Kó Dá Iye Lé E

Ní ọjà òkúta iyebíye Ọjọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, ojú ni wọ́n fi ń díye lé ọjà. Oníṣòwò á gbé òkúta sókè, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á yí i síwá sẹ́yìn, á sì pe owó. Ojú ẹni tó ti pẹ́ nídìí òwò kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní ti òkúta tí wọ́n ń pè ní tourmaline, ojú nìkan kò tó. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má ta ogún bàbá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ìdílé sílíkéètì ni tourmaline ti wá. Nínú rẹ̀, sílíkọ́ọ̀nù kan máa ń wà láàárín ọ́síjìn mẹ́rin, mẹ́fà irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ á sì so kọ́ra bí òrùka. Bórọ́ọ̀nù àti alumíníọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Apá kan náà ni gbogbo òrùka yìí kọjú sí, ìdí nìyẹn tí orí òkúta náà kò fi rí bí ìdí rẹ̀. Bí iná bá yá a, agbára mànàmáná á gbá jọ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, á sì máa fa eérú mọ́ra.

Láàárín àwọn òrùka yìí ni ààyè wà tí oríṣiríṣi mẹ́táàlì lè gbà. Bí irin bá pọ̀ níbẹ̀, òkúta á di dúdú. Bí ó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù, ó di elbaite. Mangáníìsì a sì máa sọ elbaite di pupa. Bàbà díẹ̀ péré ló ń fún un ní búlúù tó ń tàn yinrin. Irú èyí ni wọ́n wà jáde ní São José da Batalha, ní ìpínlẹ̀ Paraíba ní Brazil, láàárín ọdún 1980 sí 1989. Káràátì kan ṣoṣo rẹ̀ lè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Ní 1998, tourmaline pupa láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dé ọjà àgbáyé. Nígbà tó di 2001, àwọn onímọ̀ rí bàbà nínú àwọn kan tó wá láti ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí. Ní 2006, àwọn ilé àyẹ̀wò ńláńlá fẹnu kò pé elbaite tó bá ní bàbà lè jẹ́ orúkọ Paraíba, ibi yòówù kó ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni nìyí. Tourmaline tó ní bàbà lè ti inú ilẹ̀ jáde ní elésè àlùkò, torí mangáníìsì bo àwọ̀ bàbà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sínú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọ̀ mangáníìsì á lọ, búlúù á sì yọ. Ẹni tó wà á gba owó elésè àlùkò. Ẹni tó mọ̀ pé bàbà wà níbẹ̀ ló jẹ èrè. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà, ìmọ̀ ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ.

Àwọn kan á ní owó ẹ̀rọ tí a lè fi mọ ohun inú òkúta ga. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń fi léésà ka ohun inú òkúta kì í ṣe ohun tí oníṣòwò kan lè dá rà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ X-ray tí a ń fọwọ́ gbé wà. Kò lè rí lítíọ́ọ̀mù tàbí bórọ́ọ̀nù, síbẹ̀ ó ń rí bàbà àti mangáníìsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì ní ba òkúta jẹ́. Èyí tó jẹ mọ́ owó gan-an ló ń rí.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò pawọ́ pọ̀ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí Ọjọ́ọ̀, kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ọjà ní bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹni tó bá mú òkúta wá san owó táṣẹ́rẹ́, kó sì gba ìwé ẹ̀rí kó tó tà á. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò láti wà á ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.