Ẹ Jẹ́ Kí Ilé Yín Ní Ojúlé

Ẹ̀yin ará wa láti Àjáh títí dé agbègbè Lẹ́kkí Free Zone, onílé àti ayálégbé, ọ̀rọ̀ ojúlé ni mo bá wá.

Bí iná bá sọ nílé yín lóru òní, tí ẹ pe 767 tàbí 112, wọn yóò bi yín pé níbo lẹ wà. Kí lẹ fẹ́ wí? "Ẹ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí gẹ́ètì dúdú"? Ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ló wà ládùúgbò yín? Aboyún tó ń rọbí kò lè jáde síta wá júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ áńbúláǹsì.

Láti 2006 tí wọ́n ti dá Free Zone sílẹ̀, pàápàá láti 2023 tí èbúté Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ kọ sára ògiri kì í ṣe ojúlé. Nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì ni, èyí tí wọ́n fi pín ilẹ̀ kí ilé tó débẹ̀. Pulọ́ọ̀tì 14 lè kọjú sí títì, kí 15 kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó gé tirẹ̀ sí méjì á kọ 14A àti 14B. Block 9, Plot 14 wà ní ẹ̀sítéètì yìí, ó tún lè wà ní ìkejì. Lójú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, kìlómítà ni ọ̀pọ̀ fi ń júwe ilé. Ẹ wo iye ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú kìlómítà kan!

Lóòótọ́, ní Japan, ọ̀pọ̀ ilé ló gba nọ́ńbà yíká búlọ́ọ̀kù tí wọ́n wà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tò sójú títì. Ṣùgbọ́n àwọn ní àkọsílẹ̀ àti máàpù tó gbè é lẹ́yìn.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, gbé sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ pe ìpàdé àdúgbò. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí gbogbo onílé fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí 1, 3, 5 wà lápá kan, kí 2, 4, 6 wà lápá kejì, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà pamọ́ fún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Tí nọ́ńbà ilé yín bá ti jáde, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára gẹ́ètì, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín títí wọn yóò fi lè sọ ọ́ lórí fóònù.