Aṣọ Iṣẹ́ Rẹ Dà?

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Òkè-Afá,

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa pè mí wá síbi táwọn ọmọ ti ń múra bí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Dókítà pọ̀, lọ́yà pọ̀, páílọ́ọ̀tì ò lóǹkà. Ọmọbìnrin kan ní Pírámárì 5 wọ yunifọ́ọ̀mù, ó di ìwé kékeré kan mú. Ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí koríko bo ojú kánáàlì Òkè-Afá àti ọjọ́ tí wọ́n kó o kúrò. Nísàlẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Ṣé torí koríko yìí ni àwọn èèyàn ò fi rí omi ní 2002?"

Ẹ ò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún náà, tí bọ́ǹbù tó bú gbàmù ní bárékè ológun Ìkẹjà lé ogunlọ́gọ̀ èèyàn sínú omi yẹn. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló ń wádìí rẹ̀.

Tíṣà rẹ̀ ní, "Aṣọ iṣẹ́ rẹ dà?" Ó ní kó lọ jókòó lẹ́yìn.

Ọdún 31 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú. Iṣẹ́ ìwádìí tọ́mọ yẹn ń ṣe ò ní aṣọ tí ìyá lè rà lọ́jà Ìsọlọ̀. Ọmọ tó ń béèrè, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó tún ń padà lọ wò ó, irú wọn ló ń di ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì. Wọlé Ṣóyínká sọ nínú ìwé rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981, pé òun ò tíì pé ọmọ ọdún 3 tóun fi kó ìwé bàbá òun, tóun tẹ̀lé arábìnrin òun lọ sílé-ẹ̀kọ́. Wọn ò lé e.

Yorùbá lọmọ yẹn fi kọ ìbéèrè rẹ̀. Mo fura pé ìyẹn náà wà lára ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Tiwa ni pé ká fìyà jẹ ẹni tó bá sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé owó oṣù ò tó nǹkan, pé àwọn òbí ló ń fẹ́ fọ́tò, pé inú àwọn ọmọ sì ń dùn lọ́jọ́ náà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èwo ni ká lé ọmọ sẹ́yìn nínú rẹ̀?

Ẹ máa gbọ́ ìbéèrè wọn tán. Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ojú mi lọmọbìnrin náà ṣe ká ìwé rẹ̀ bọ àpò. Bó bá wà ní kíláàsì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó mú un wá síwájú.

Èmi tíṣà àgbà,
Òkè-Afá.