Ẹ Má Fowó Yín Ra Ikú

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ Òrù, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ gbọ́ o! Amúlétutù ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó dáa. Ṣùgbọ́n iná 230 fóòtì kì í mojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní: “Rèwáyà, yọ ti ẹ́ẹ̀tì kúrò, owó ti pọ̀ jù.” Háà! Bí iná bá jò sára ẹ̀rọ tó wà níta, wáyà ẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e wọlẹ̀, tí bírékà á fi pa á kí ọmọ ọlọ́mọ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ fún un ní wáyà àti bírékà tirẹ̀. Ẹ gbé e sórí kọnkéré tó dúró ire, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa á, ẹ má tọwọ́ bọ inú rẹ̀: kapásítọ̀ ṣì lè di iná mú.

Owó rèwáyà gidi kò tó owó ìsìnkú. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!