Idà Kì í Ṣe Ọmọ Odó!

Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ yé purọ́ mọ́ idà. Ewì mẹ́ta ni mo ti kà láàárín wa tí jagunjagun Yúróòpù ayé àtijọ́ ti ń wọ́ idà nílẹ̀ bí ẹni wọ́ igi ìdáná. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Níbo lẹ ti rí i? Inú fíìmù ni!

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Idà ọlọ́wọ́ kan tí àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ibẹ̀ lò láti nǹkan bí ọdún 1000 títí di 1400, kílò 1 sí 1.5 ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ lọ ra ìgò omi oní líta 1.5 lẹ́nu géètì, kẹ́ ẹ gbé e sókè. Ó tán! Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì mú lójú ogun pàápàá, agbára káká ni yóò fi kọjá kílò 3 àti díẹ̀. Àwọn gọgọrọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lóòótọ́ o, àmọ́ ti ayẹyẹ ni, wọ́n ń gbé e níwájú ọba. Ẹni tó rí irú ìyẹn nínú mùsíọ́ọ̀mù tó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo idà rí, ọ̀pá àṣẹ ọba ló rí tó ń pè é ní ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá arúgbó.

Kòtò gbọọrọ tó gba àárín idà lọ ńkọ́? Ẹ ní kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn níbẹ̀ ni. Irọ́ funfun báláú! Alágbẹ̀dẹ ṣe é kí irin lè fúyẹ́, síbẹ̀ kó má rọ̀. Irin róbótó tó wà nídìí èèkù náà, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, òun ló ń jẹ́ kí idà dọ́gba lọ́wọ́.

Wọ́n á tún ní idà òyìnbó ò mú, ti Jàpáànù nìkan ló mú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó mú, ó ń gé ẹran ara. Ẹ̀wù irin ni ò lè gé, ti Jàpáànù náà ò sì lè gé e. Ìwé Fiore dei Liberi, olùkọ́ ìjà ará Ítálì, fi àwòrán hàn wá ní nǹkan bí 1410: bí ọ̀tá bá wọ ẹ̀wù irin, wàá fọwọ́ kan di àárín idà mú, wàá wá fi ẹnu ẹ̀ wá abíyá tàbí ojú. Ọgbọ́n nìyẹn, kì í ṣe pé kéèyàn máa là á mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gún iyán.

Ìwé ìjà kan tún wà ní Royal Armouries ní Leeds, ó ti tó nǹkan bí 700 ọdún. Àlùfáà ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó gbé idà àti asà kékeré nínú àwòrán ìparí? Obìnrin! Walpurgis ni wọ́n pè é. Ṣé òun náà ń gbé ọmọ odó ni?

Ẹnìkan á ní, “Ewì ni, kì í ṣe ìtàn.” Ẹn-ẹ́n? Bí òyìnbó kan bá kọ ọ́ lọ́la pé ẹsẹ̀ làwọn àyàn fi ń lu gángan, ta ni ò ní faraya nínú wa? A ó ní wọ́n fojú ẹranko wò wá. Àwa náà wá gba ọgbọ́n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ẹlòmíì, a sọ ọ́ di òmùgọ̀ tó ń rọ òkúta. Ọmọ ìyá alágbẹ̀dẹ tiwa ni nídìí ẹwìrì o!

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn, kó mú bírò, ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀ ṣì láyè. Àmọ́ kó kọ́kọ́ gbé ìgò omi yẹn ná.