Ilé tó ń fi táyà rìn: ẹ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó!

Kò sẹ́ni tó gbé Èkó láàárín 1980 sí 1999 tí kò mọ bọ́ọ̀sì Volkswagen. Òun ni wọ́n sọ di dáńfó, tí wọ́n kùn ní yẹ́lò, tí wọ́n fa ilà dúdú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kọ̀ǹdọ́ ń so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ bí àdán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn nínú ẹ̀ nígbà náà, àfi dírẹ́bà tí àárẹ̀ bá mú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, inú bọ́ọ̀sì yìí kan náà làwọn òyìnbó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, wọ́n á gbé sítóòfù gáàsì sí i, wọ́n á wà á lọ sétí òkun lópin ọ̀sẹ̀, ó di ilé. Èyí tó sì ti lé ní 40 ọdún gan-an ni wọ́n ń na owó gidi lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòní. Ọdún 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì yìí ní Jámánì. Nígbà tó fi máa di 1951, iléeṣẹ́ Westfalia ti ń ṣe àpótí tí wọ́n ń gbé sínú ẹ̀, tó jẹ́ àga lọ́sàn-án, tó di bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Ní Brazil, wọn ò ṣíwọ́ ṣíṣe bọ́ọ̀sì náà àfi ní 2013, nígbà tí òfin ní gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní airbag àti bírékì ABS.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Yorùbá kan wà ní London, ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta. Ọlidé dé, owó òtẹ́ẹ̀lì ń bà á lẹ́rù, ló bá ní kóun kúkú ra ilé tó ń fi táyà rìn. Èrò náà ò burú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tó bá lọ wo ọjà. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ti fọ̀ ọ́ títí táá fi máa dán, á ti ta kọ́tìnì tuntun sí i, ìyàwó á rí kíṣìnnì kékeré, á ní, "Ẹ̀yin bàbá Táyọ̀, ẹ sanwó jàre!" Bàbá Táyọ̀, ẹ rọra o. Ọ̀pọ̀tọ́ tó dára lóde, eèrà ló kún inú ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń pa ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì àtijọ́ yìí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, wọ́n ṣì ń ta páàtì ẹ̀ dòní. Ohun tó ń pani ni ìpẹtà. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì lọ́hùn-ún kí yìnyín má baà mú ọkọ̀ yọ̀, iyọ̀ yìí ló sì ń jẹ irin lábẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wákàtí tí wẹ́dà bá fi ṣiṣẹ́ ló máa gbowó lé, iṣẹ́ ìpẹtà kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí Bàbá Táyọ̀ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòfà kékeré dání. Kó dọ̀bálẹ̀, kó wo abẹ́ ọkọ̀, kó wo orí táyà nínú, ibi tí bátìrì jókòó lé àti ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ibi tí òòfà ò bá ti lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì yìí, bọ́dìfílà ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi pákó kan ilé lé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Ọjọ́ òjò ni kó lọ wò ó, kó fọwọ́ tẹ gbogbo kọ̀rọ̀. Ibi tó bá rọ̀, ó ti jẹrà nìyẹn. Kó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dè é, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àìsàn pa mọ́.

Kó yẹ ìwé wò pẹ̀lú, kí nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti tinú ìwé bára mu. Ẹni tó bá yege ìdánwò ọkọ̀ láti January 1, 1997 síwájú, láìsí láìsẹ́ńsì mìíràn, kò gbọdọ̀ wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo ẹ̀ bá ju 3,500 kílò lọ.

Kinní kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Láti May 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọn ò bá tíì yí padà kọjá ààlà, kò pọn dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT tọdọọdún mọ́. Inú àwọn kan ń dùn pé owó dín kù. Àṣìrò! Òfin ṣì ní kí ọkọ̀ náà pé, bírékì tó bá kọ̀ kò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ ti dàgbà. Ẹni tó bá gbọ́n á máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò náà.

Nígbà tó bá ti délé, ìtọ́jú kù. Kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé, kó wo bẹ́líìtì tó ń yí fáànù, torí tó bá já, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá àlà. Ohun tí ò gbọdọ̀ fi jáfara ni ọ́ọ̀sì epo. Láti 2021 ni epo E10 ti gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọtí inú ẹ̀ sì ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. E5 ni kó máa rà. Ọ́ọ̀sì tó bá là, tí epo ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ló máa dá.

Gáàsì ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe fún ìdílé tó ti fèrèsé sùn nílé. Èéfín sítóòfù tí kò jó dáadáa nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kò ní òórùn, kò sì kan ilẹ̀kùn kó tó pààyàn. Ẹ̀rọ tó ń dún tí èéfín yẹn bá wà kò wọ́n, kó rà á kó tó ra kọ́tìnì.

Paríparí ẹ̀, kó má kó gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ lé ọkọ̀ lórí. Tó bá pín in sọ́nà mẹ́ta, kó fi méjì rà á, kí ìkẹta dúró de wẹ́dà àti mẹkáníìkì. Ẹni tó fi gbogbo owó ra ẹṣin, kí ló fẹ́ fi ra koríko? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o.